ÌBỌN NÍNÚ ILÉ TÍ ỌMỌDÉ WÀ: ẸRÙ TA NI?



  

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò ní oṣù yìí lè kọ́kọ́ dà bí ọ̀rọ̀ tó jìnnà sí wa. Ọ̀rọ̀ ìbọn ìléwọ́ ni, èyí tí òbí ń pa mọ́ sínú ilé kí ó lè fi gba ara rẹ̀ àti ẹbí rẹ̀ lọ́wọ́ adigunjalè. Ní Nàìjíríà níbí, òfin ìbọn ti ọdún 1959 kò fi àyè sílẹ̀ fún aráàlú láti ní ìbọn ìléwọ́, àfi ẹni tí Ààrẹ bá fún ní ìwé àṣẹ. Ṣakabùlà àti ìbọn ọdẹ ni àwọn bàbá wa mọ̀ jù. Ṣùgbọ́n àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò wa tí wọ́n ti fi Amẹ́ríkà ṣe ilé pọ̀, ní Houston, ní Chicago, ní Maryland. Níbẹ̀, àgbàlagbà tí òfin kò dè lọ́wọ́ lè wọ ṣọ́ọ̀bù kí ó sì ra ìbọn. Àwọn kan nínú ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí yóò bá wọn lọ́hùn-ún lọ́la, wọn ó fẹ́ ìyàwó tàbí kí wọ́n lọ́kọ, wọn ó sì bímọ síbẹ̀. Ọlọ́pàá àti ṣọ́jà tí ń gbé ìbọn iṣẹ́ wọlé wà láàárín wa níbí pẹ̀lú. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ wa ni.

Ìbéèrè náà nìyí. Bàbá ilé ní: "Bí mo bá ti ìbọn mọ́ inú àpótí, tí mo kó ọta rẹ̀ sí yàrá kejì, kí n tó dé ìdí rẹ̀, olè ti ṣe tirẹ̀ lọ. Ìbọn tí kò sí ní àrọ́wọ́tó, kí ni mo fẹ́ fi ṣe?" Ìyá ilé dá a lóhùn pé: "Ibi tí ọwọ́ rẹ bá tó, ọwọ́ ọmọ yóò tó o lọ́jọ́ kan. Ta ni yóò wá gbà wá lọ́wọ́ ìbọn tí o rà láti fi gbà wá?" Èwo nínú àwọn méjèèjì ni ká gbọ́ tirẹ̀? Bí jàǹbá bá sì ṣẹlẹ̀, ọrùn ta ni ẹrù rẹ̀ wà?

ÀWỌN MÉJÈÈJÌ NI Ọ̀RỌ̀ WÀ LẸ́NU WỌN

Ẹ má jẹ́ ká fi ojú àìdáa wo bàbá náà. Ẹ̀sìn wa kò ní kí ènìyàn ká ọwọ́ lẹ́rán kí olè máa pa á. Ẹni tí ó bá kú níbi tí ó ti ń gbèjà ẹ̀mí rẹ̀, dúkìá rẹ̀ tàbí ará ilé rẹ̀, Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) kà á mọ́ àwọn ṣèhídì. Ẹni tí ìbẹ̀rù olè sì ti mú rí mọ̀ pé oorun ẹni tó ní ohun ìjà kì í rí bí oorun ẹni tí kò ní. Ìfẹ́ láti dáàbò bo ilé ẹni, ohun rere ni.

Ìyá náà kò sì ṣàṣejù. Ọlọ́hun sọ ẹ̀mí di ohun ọ̀wọ̀, Ó sì fi ọmọ sí abẹ́ ìtọ́jú òbí bí ìgbà tí a fi ẹran sí abẹ́ darandaran. Darandaran tó ra ajá kí ó lè máa lé ìkookò, tí ajá náà wá ń pa ọmọ àgùntàn jẹ, ṣé a óò sọ pé ó ń ṣọ́ agbo ni?

Ohun rere méjì ló forí gbárí yìí. Nígbà tí ohun rere méjì bá forí gbárí, kì í ṣe ẹni tí ohùn rẹ̀ ròkè jù ni ká gbọ́ tirẹ̀. Òṣùwọ̀n ni ká gbé kalẹ̀. Àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn sì ti fún wa ní òṣùwọ̀n kan tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ fíkíì mọ̀: títi aburú dànù ló ń ṣíwájú fífa àǹfààní wọlé. Ẹ jẹ́ ká wá wo bí aburú náà ti tóbi tó.

OHUN TÍ OJÚ TI RÍ NÍ AMẸ́RÍKÀ

Amẹ́ríkà ni a óò wò, nítorí ibẹ̀ ni ìbọn ìléwọ́ ti wọ́pọ̀ nínú ilé, tí wọ́n sì ń ṣe àkọsílẹ̀ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ní ọdún 2020, ìbọn di ohun tó ń pa ọmọ ọdún 1 sí ọdún 19 jù lọ ní ilẹ̀ náà, ó kọjá jàǹbá ọkọ̀ tó ti wà ní ipò kìn-ín-ní tipẹ́. Kì í ṣe ìbọn inú ilé nìkan ló fa gbogbo ikú wọ̀nyí. Ìpànìyàn ìgboro wà níbẹ̀, pípa ara ẹni sì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwádìí tí wọ́n ṣe ní ọdún 2015 fi hàn pé nǹkan bí mílíọ̀nù mẹ́rin àbọ̀ ọmọ ló ń gbé nínú ilé tí ìbọn kan, ó kéré tán, wà tí ọta wà nínú rẹ̀ tí a kò sì tì í pa.

Ní ọdún 1993, dókítà kan tí ń jẹ́ Arthur Kellermann àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ gbé ìwádìí kan jáde tó dá àríyànjiyàn ńlá sílẹ̀. Wọ́n fi ilé tí wọ́n ti pa ènìyàn wé ilé mìíràn ní àdúgbò kan náà. Wọ́n rí i pé ilé tí ìbọn wà, ewu kí wọ́n pa ènìyàn nínú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta ti ilé tí kò sí ìbọn. Ẹnìkan lè sọ pé àdúgbò eléwu ló mú kí wọ́n ra ìbọn, pé ìbọn kọ́ ló mú ewu wá. Ọ̀rọ̀ gidi ni, àwọn onímọ̀ sì ti jiyàn lé e lórí gan-an. Ṣùgbọ́n ó kéré tán, ó yẹ kí ó mú wa dánu dúró kí a tó sọ pé ààbò ni ìbọn jẹ́ láìsí àní-àní.

Ẹ tún gbọ́ èyí. Ní oṣù December ọdún 2014, ní ìpínlẹ̀ Idaho, ìyá kan lọ ra ọjà pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ tí kò ju ọdún 2 lọ. Ìbọn rẹ̀ wà nínú báàgì, ní àpò tí a dìídì rán fún ìbọn, tí ó ní síìpù. Ọmọ náà jókòó sínú kẹ̀kẹ́ ìkẹ́rù, ó ṣí síìpù, ó fa ìbọn yọ, ó sì yìn ín. Ìyá rẹ̀ kú lójú ẹsẹ̀. Ìyá yìí kò gbàgbé ìbọn sílẹ̀ o. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ níbẹ̀ ni ó wà. Síìpù ló fi ṣe àgádágodo.

Àwọn àgbà wa ní, ọmọdé ò moògùn, ó ń pè é lẹ́fọ̀ọ́. Kò mọ̀ pé ikú tó pa baba òun ni.

ẸRÙ TÍ ỌLỌ́HUN KÒ GBÉ LÉ ỌMỌ LÓRÍ

Ìdáhùn tí ọ̀pọ̀ òbí máa ń fọ̀ ni pé: "Èmi ti kọ́ ọmọ mi. Ó mọ̀ pé kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan án. Ọmọ tèmi gbọ́ràn." Ọ̀rọ̀ yìí dùn ún gbọ́, nítorí ó fi hàn pé a tọ́ ọmọ. Èmi tí mo ń kọ́ ọmọdé ní ilé kéwú mọ bí inú òbí ti ń dùn tó bí ọmọ bá gbọ́ràn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa.

Ní ọdún 2001, àwọn dókítà ọmọdé kan ní Amẹ́ríkà kó ọmọkùnrin 64 jọ, ọmọ ọdún 8 sí 12. Wọ́n fi wọ́n sínú yàrá ní méjì-méjì tàbí mẹ́ta-mẹ́ta, wọ́n sì fi ìbọn gidi tí kò ní ọta pa mọ́ sínú dúrọ́ọ̀. Wọ́n ń wò wọ́n láti ẹ̀yìn dígí. Ọmọ 48 ló wà níbi tí wọ́n ti rí ìbọn náà. Nínú wọn, 30 gbé e lọ́wọ́, 16 sì fà á bí ẹni fẹ́ yìn ín. Nǹkan bí ìdajì àwọn tó rí i kò mọ̀ bóyá ìbọn gidi ni tàbí ìbọn ìṣeré. Èyí tó yẹ kó dùn wá jù lọ ni pé nínú àwọn tó gbé e tàbí tó fà á, ó lé ní 90 nínú 100 tó sọ pé wọ́n ti kọ́ àwọn rí nípa ewu ìbọn.

Ní ọdún 2006, àwọn mìíràn lọ sí ìgbèríko ìpínlẹ̀ Alabama, wọ́n bi òbí àti ọmọ léèrè lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Nínú àwọn òbí tó sọ pé ọmọ àwọn kò mọ ibi tí ìbọn wà, 39 nínú 100 ni ọmọ wọn sọ pé òun mọ̀ ọ́n. Nínú àwọn tó sọ pé ọmọ àwọn kò fọwọ́ kàn án rí, 22 nínú 100 ni ọmọ wọn sọ pé òun ti gbé e rí. Àwọn òbí wọ̀nyí kò purọ́. Ohun tí wọ́n gbà gbọ́ ni wọ́n sọ.

Bí ẹnìkan bá tún ní ọwọ́ ọmọdé kò lágbára tó láti yìnbọn, ìwádìí ọdún 1995 ti dá a lóhùn: ọmọ ọdún 3 sí 4, ìdá kan nínú mẹ́rin wọn ló lágbára láti fa ọ̀pọ̀ ìbọn ìléwọ́; nígbà tí wọ́n bá di ọmọ ọdún 7 sí 8, ó ti di 90 nínú 100.

Ó dára. Ṣé ká wá sọ pé ẹ̀kọ́ kò wúlò ni? Rárá. Ẹ̀kọ́ wúlò, ọ̀ràn-anyàn sì ni lórí òbí. Ohun tí a ń sọ ni pé ẹ̀kọ́ kò lè dúró gẹ́gẹ́ bí àgádágodo. Ẹ wo ìdí rẹ̀ láti inú ẹ̀sìn wa. A kọ́ wa pé wọ́n ti gbé kálámù kúrò lórí ọmọdé títí yóò fi bàlágà. Ìyẹn ni pé a kì í kọ ẹ̀ṣẹ̀ sí i lọ́rùn. Kí nìdí? Nítorí Ọlọ́hun tí ó dá a mọ̀ pé làákàyè rẹ̀ kò tíì pé láti di irú ẹrù bẹ́ẹ̀. Òní ni yóò gbọ́ràn, ọ̀la ni yóò gbàgbé. Òun nìkan yóò ṣe jẹ́jẹ́, bí ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá dé, wọn a máa fi nǹkan han ara wọn. Ìrun wákàtí márùn-ún pàápàá, Ọlọ́hun kò sọ ọ́ di dandan lé e lórí. Báwo ni òbí yóò ṣe wá gbé ìbọn tí ọta wà nínú rẹ̀ sínú dúrọ́ọ̀, tí yóò sọ fún ọmọ ọdún 7 pé: "Má fọwọ́ kàn án o," tí yóò sì lọ sùn? Ó ti gbé ẹ̀mí gbogbo ará ilé lé ìgbọràn ọmọ lórí. Ẹrù tí Ọlọ́hun kò gbé lé ọmọ lórí, ta ni ó fún òbí láṣẹ láti gbé e lé e?

Èyí ni mo rí gẹ́gẹ́ bí ìdí ọ̀rọ̀ yìí. Ìbọn nínú ilé, ẹrù ẹni tó rà á ni. Kò lè pín in fún ọmọ. Gbogbo ọ̀nà ìpamọ́ tí ó bá jẹ́ pé ìgbà tí ọmọ bá ṣe dáadáa nìkan ni ewu kò ní sí, ẹrù náà ni ó ti pín fún ọmọ yẹn.

KÀNGA OJÚ Ọ̀NÀ

Ẹlòmíràn a ní: "Bí ó bá ṣẹlẹ̀, àṣìṣe ni. N kò mọ̀ọ́mọ̀." Òótọ́ ni pé èròńgbà ni a fi ń wọn iṣẹ́. Ṣùgbọ́n àṣìpa pàápàá, Kùránì kò fi í sílẹ̀ lásán: nínú Súúrà An-Nisaa, aaya 92, ìtánràn wà níbẹ̀, owó ẹ̀jẹ̀ sì wà níbẹ̀. Àwọn onímọ̀ fíkíì tún tẹ̀ síwájú. Wọ́n sọ̀rọ̀ nípa ẹni tó gbẹ́ kànga sí ojú ọ̀nà tí àwọn ènìyàn ń gbà, tí ẹnìkan sì kó sínú rẹ̀ kú. Kò tì í. Ó lè jẹ́ pé ó ti sùn lọ nílé rẹ̀ nígbà náà. Síbẹ̀, owó ẹ̀jẹ̀ wà lọ́rùn rẹ̀.

Amòfin inú wa lè sọ pé: "Àwọn onímọ̀ kan náà sọ pé ẹni tó gbẹ́ kànga sórí ilẹ̀ ara rẹ̀ kò jẹ̀bi bí àjèjì bá rìn wọ ibẹ̀ láìgbàṣẹ. Inú ilé mi sì ni ìbọn mi wà." Ó rò ó dáadáa, ṣùgbọ́n kò bá ọ̀rọ̀ wa mu. Ọmọ kì í ṣe àjèjì tó rìn wọlé láìgbàṣẹ. Ilé ni ojú ọ̀nà ọmọ. Abẹ́ ibùsùn, inú kọ́bọ́ọ̀dù, ẹ̀yìn aṣọ, orí àjà, gbogbo rẹ̀ ni ọ̀nà tí ó ń gbà lójoojúmọ́ tí ó bá ń ṣeré.

Àwọn ilé ẹjọ́ Amẹ́ríkà pàápàá ti ń bọ̀ wá sórí ọ̀rọ̀ yìí. Florida ni ìpínlẹ̀ tó kọ́kọ́ ṣe òfin, ní ọdún 1989, pé àgbà tó bá fi ìbọn síbi tí ọmọdé ti lè rí i mú lè jẹ́jọ́. Àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn sì ti tẹ̀ lé e. Ní ọjọ́ 30 oṣù November ọdún 2021, ọmọ ọdún 15 kan ní ìlú Oxford, ní ìpínlẹ̀ Michigan, gbé ìbọn ìléwọ́ tí bàbá rẹ̀ rà ní ọjọ́ mẹ́rin ṣáájú lọ sí ilé ẹ̀kọ́, ó sì pa akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin. Ní ọdún 2024, ilé ẹjọ́ dá bàbá àti ìyá rẹ̀, James àti Jennifer Crumbley, lẹ́bi ikú àwọn ọmọ náà, wọ́n sì rán ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lọ sẹ́wọ̀n ọdún 10 sí 15. Wọn kò yìnbọn. Kànga ni wọ́n gbẹ́.

Ẹ sì kíyè sí i pé òfin kì í tó ibi tí ẹ̀rí-ọkàn dé. Ní ọdún 2008, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà wọ́gi lé òfin kan ní ìlú Washington, èyí tó ní kí onílé tú ìbọn rẹ̀ palẹ̀ tàbí kí ó fi àgádágodo dè é ní gbogbo ìgbà tí ó bá wà nínú ilé. Wọ́n ní irú òfin bẹ́ẹ̀ kò jẹ́ kí ènìyàn lè gba ara rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀tọ́ ni wọ́n ń sọ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n pé òfin gbà mí láàyè láti ṣe nǹkan, ìyẹn kò tíì sọ fún mi pé ó tọ́ kí n ṣe é nínú ilé tí ọmọ mi ti ń rá pálá. Ojúṣe bẹ̀rẹ̀ níbi tí ẹ̀tọ́ parí sí.

"ỌLỌ́HUN NI YÓÒ ṢỌ́ WỌN"

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ máa ṣọ́ra fún gbólóhùn yìí bí wọ́n bá lò ó sí ibi tí kò yẹ. Kádàrá, òótọ́ ni. Kò sí ẹ̀mí tó ń lọ láìjẹ́ pé àkókò rẹ̀ pé. Ṣùgbọ́n kádàrá kì í ṣe ohun tí a fi ń bo àìbìkítà mọ́lẹ̀. Nínú hádíìsì tí Tirmidhi gbà wá, ọkùnrin kan bi Ànábì léèrè bóyá kí òun fi ràkúnmí òun sílẹ̀ láìso kí òun sì gbára lé Ọlọ́hun. Ìdáhùn tí ó gbà ni pé kí ó so ó ná, kí ó tó gbára lé Ọlọ́hun.

Ẹ tún wo bí ẹ̀kọ́ Ànábì ti bìkítà tó nípa jàǹbá inú ilé. Ó pàṣẹ kí a pa fìtílà bí a bá fẹ́ sùn, nítorí eku lè ti fìtílà náà kí ó sì jó ilé mọ́ àwọn onílé. Ó ní kí ẹni tó bá gbé ọfà gba inú mọ́sálásí tàbí ọjà kọjá di ẹnu ọfà náà mú lọ́wọ́, kí ó má baà gún ẹnikẹ́ni. Ó kọ̀ fún ènìyàn láti na ohun ìjà sí ẹnìkejì rẹ̀, ìbáà jẹ́ àwàdà. Kò sọ fún ẹni tó gbé ọfà pé kí ó má gbé e mọ́. Kò sì sọ fún àwọn ará ọjà pé kí wọ́n máa yà fún ọlọ́fà. Ọlọ́fà fúnra rẹ̀ ni ó ní kí ó di ẹnu ọfà rẹ̀ mú. Ibi kan náà ni ọ̀rọ̀ wa já sí: ẹni tó ni ohun ìjà ni ẹrù rẹ̀ wà lọ́rùn rẹ̀. Bí eku bá tó ohun tí a ń torí rẹ̀ pa fìtílà, ọmọ ènìyàn ńkọ́? Yorùbá náà ní, a kì í fi iná sórí òrùlé sùn.

KÍ LÓ WÁ YẸ KÍ BÀBÁ ILÉ ṢE?

Lákọ̀ọ́kọ́, kí ó bi ara rẹ̀ léèrè tọkàntọkàn bóyá ó nílò rẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé ní Amẹ́ríkà sọ pé ilé tí kò sí ìbọn ni ó dára jù fún ọmọdé. Ilẹ̀kùn tó lágbára, iná níta, aládùúgbò tí a jọ mọ ara wa, ajá tí ń gbó: gbogbo ìwọ̀nyí ń lé olè, ọmọ kò sì lè fi wọ́n pa ara rẹ̀. Olè lè má wá rárá ní ogún ọdún. Ọmọ ń jí lójoojúmọ́.

Bí ó bá wá rí i pé kò sí ọgbọ́n mìíràn, ọ̀nà tó dájú jù ni kí ó yọ ọta kúrò nínú ìbọn, kí ó ti ìbọn pa, kí ó kó ọta sí ibòmíràn, kí ó sì ti òun náà pa. Ìwádìí kan tó jáde ní ọdún 2005 wo ilé tí ọmọdé tàbí ọ̀dọ́ ti fi ìbọn ṣe ara rẹ̀ tàbí ẹlòmíràn léṣe, ó sì fi wọ́n wé ilé mìíràn tí ìbọn wà tí nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Ilé tí wọ́n ti ń ti ìbọn pa, ewu wọn fi nǹkan bí 73 nínú 100 kéré. Ibi tí kò ti sí ọta nínú ìbọn, 70. Ibi tí wọ́n ti ti ọta pa, 61. Ibi tí ọta ti wà lọ́tọ̀, 55. Nǹkan mẹ́rin ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló sì ń ṣiṣẹ́ tirẹ̀.

Ṣùgbọ́n bàbá tí a bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ wa pẹ̀lú rẹ̀ yóò ní olè kò ní dúró de òun. A gbọ́. Àpótí irin kékeré wà lónìí tí a lè dè mọ́ ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, tí ó ń ṣí bí a bá tẹ nọ́ńbà tàbí tí a gbé ìka lé e. Ẹni tó bá ti fi kọ́ra yóò ṣí i ní ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá. Èyí ni ibi tí àrọ́wọ́tó àgbà àti ààbò ọmọ ti lè pàdé. Ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá yẹn ni bàbá yóò yọ̀ǹda nítorí ọmọ rẹ̀. Èmi kò rí bàbá tó lè sọ pé ó pọ̀ jù.

Kí ó wá rántí àwọn nǹkan wọ̀nyí:

1. Ibi méjì péré ni ìbọn tí ọta wà nínú rẹ̀ lè wà: ara ẹni tó ni ín, tàbí inú àpótí tí a tì. Abẹ́ ìrọ̀rí, orí kọ́bọ́ọ̀dù, inú báàgì àti inú mọ́tò kò sí nínú rẹ̀. Ibi gíga kì í ṣe àgádágodo, ọmọ mọ̀ ọ́n gùn.

2. Kọ́kọ́rọ́ tó wà ní ara ìṣó ní ojútáyé, kò ti nǹkan kan. Nọ́ńbà tó jẹ́ ọjọ́ ìbí ọmọ, ọmọ mọ̀ ọ́n.

3. Àgádágodo tí a ń fi sí ibi tí a ti ń fa ìbọn, a kì í fi sí ìbọn tí ọta ṣì wà nínú rẹ̀, nítorí ó lè mú un dún. Láti ọdún 2005 ni òfin Amẹ́ríkà ti ní kí ẹni tó ní ìwé àṣẹ títa ìbọn máa fi ohun ìtìpa kún ìbọn ìléwọ́ tó bá tà. Kí a má jù ú sínú páálí.

4. Yíyọ ilé ọta kúrò ní ìdí ìbọn kò ní kí ìbọn ṣófo. Ọta kan ṣì lè wà ní ojú ihò rẹ̀ tó ti ṣetán. Kí a ṣí i wò, kí a tún un wò.

5. Bí ọ̀dọ́ kan bá wà nínú ilé tí ìbànújẹ́ bò mọ́lẹ̀, tí kò jẹun, tí kò bá ènìyàn sọ̀rọ̀, tàbí tí ó ń sọ̀rọ̀ ikú, kí a gbé ìbọn kúrò nínú ilé náà pátápátá títí ara rẹ̀ yóò fi yá, kí a sì tètè mú un lọ sọ́dọ̀ ẹni tó lè tọ́jú rẹ̀. Ọmọ ọdún 16 mọ nọ́ńbà àpótí ju bí òbí ti rò lọ.

6. Kí a kọ́ ọmọ síbẹ̀síbẹ̀: bí ó bá rí ìbọn níbikíbi, kó má fọwọ́ kàn án, kó kúrò níbẹ̀, kó lọ pe àgbà. Ilé tiwa nìkan kọ́ ni ó máa wọ̀.

Lórí kókó ìkẹyìn yìí, ojú máa ń ti àwọn òbí wa. Bí ọmọ bá fẹ́ lọ ṣeré nílé ọ̀rẹ́ rẹ̀, a máa ń béèrè bóyá ajá ibẹ̀ ń buni jẹ, bóyá ẹran tí kò jẹ́ halal wà nínú oúnjẹ wọn. A kì í béèrè bóyá ìbọn wà níbẹ̀, àti bí wọ́n ti pa á mọ́. Kò sí ìwọ̀sí nínú rẹ̀. Ẹ bi wọ́n pẹ̀lú ẹ̀rín: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ẹ ní ìbọn nílé? Ṣé ẹ ti tì í pa?" Onílé rere kò ní bínú.

Àwọn tiwa tó wà nílé níbí ńkọ́? Bàbá tó jẹ́ ọdẹ tó ki ṣakabùlà rẹ̀ tán tó gbé e ti ògiri, ọlọ́pàá tó bọ́ yúnífọ́ọ̀mù tó gbé ìbọn iṣẹ́ sórí àga, ọ̀rọ̀ náà kàn wọ́n gẹ́gẹ́ bó ti kan ará Houston. Yàtọ̀ sí ìbọn, ẹ wo oògùn eku tó wà nínú ìgò ohun mímu, ẹ wo kẹrosíìnì nínú ike omi. Ìdí ọ̀rọ̀ kan náà ni: ohun tí àgbà gbé wọlé nítorí àǹfààní, kí àgbà má fi ṣíṣọ́ rẹ̀ lé ọmọ lọ́wọ́.

Nítorí náà, bí wọ́n bá bi wá pé ta ni òótọ́ wà lọ́dọ̀ rẹ̀ nínú bàbá àti ìyá, ìdáhùn wa ni pé bàbá ní ẹ̀tọ́ láti gbèjà ilé, ìyá sì ni ó sọ ohun tí ẹ̀tọ́ náà dúró lé lórí. Ẹni tó bá fẹ́ kí ìbọn wà nítòsí òun, kí ó kọ́kọ́ rí i dájú pé kò sí nítòsí ọmọ. Bí kò bá lè ṣe èkejì, kí ó fi èkíní sílẹ̀. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

Kí Ọlọ́hun Ọba Alààyè dá àwọn ọmọ wa sí, kí Ó fún wa ní làákàyè láti dáàbò bò wọ́n, kí Ó má sì jẹ́ kí a fi ọwọ́ ara wa ṣe ara wa. Aamiin.